Gẹ̀ẹ́sì ìdàpọ̀ ilé-iṣẹ́: ọ̀rọ̀ wo ló ń bá èwo rìn?

Àbíkẹ́ UnderG

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti jáde ní LAUTECH, mo ti sin ìlú tán, ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn ra ṣíà ní Ìbàdàn sì ti ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ àwọn báńkì ni àwọn máa bi mí, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò rẹ̀ kò ká mi láyà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé tí mo bá kà á nínú ìwé ìròyìn, ó máa ń yé mi, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ ọ́, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn. Ṣé "do a merger" ni àbí "make a merger"? Ṣé "merge with" ni àbí "merge to"? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra ìwé atúmọ̀ èdè, ó wà lórí tábìlì mi níbí. Bí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣe ń sọ ọ́ ni mo fẹ́.

Akọ̀wé Tákíè

Kú oríire, àbúrò. Ẹ̀yìn káńtà báńkì ni mo ti dàgbà kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀ (CBN) nígbà náà, fi ọ̀rọ̀ ìdàpọ̀ da gbogbo wa láàmú ní oṣù Keje ọdún 2004.

"Do" kọ́, "make" náà kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé ló ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe fún un. Tó bá ṣì jẹ́ pé wọ́n ń rò ó ni, "they are considering a merger". Tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, "they have announced a proposed merger", ọ̀rọ̀ "proposed" yẹn kò sì gbọ́dọ̀ kúrò níwájú rẹ̀ títí gbogbo àṣẹ á fi pé. Àwọn oníṣíà á "approve the merger", àwọn aláṣẹ lè "approve" tàbí kí wọ́n "block" rẹ̀, nígbà tí gbogbo ètò bá parí wọ́n á "complete the merger". Tó bá dàrú lójú ọ̀nà ńkọ́? "They called off the merger." Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pfizer àti Allergan nìyẹn, àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá méjì. Ìdàpọ̀ tí iye rẹ̀ tó bílíọ̀nù 160 dọ́là ni, ìjọba Amẹ́ríkà yí òfin owó orí padà, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2016.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú jù lọ ni ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tẹ̀ lé "merge", torí òun ló ń tú àṣírí ẹni tó gbé ta mì. "A merged with B" dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. "B merged into A" yàtọ̀. Ó dà bí odò Ọbà wa níbí tó ń ṣàn lọ wọnú Ọ̀ṣun: láti ibi tí wọ́n ti pàdé, Ọ̀ṣun nìkan ni wọ́n ń pè é títí dé òkun. Ẹ sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ibi ìpàdé odò méjèèjì yẹn, omi ibẹ̀ kì í ṣe jẹ́ẹ́. Ní ti "acquire", kò sí "with", kò sí "into": "A acquired B", ó tán.

Wá wo ọ̀rọ̀ Access àti Diamond. Ìwé ìròyìn ń pariwo "merger" láti ìparí ọdún 2018. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 2019 tí wọ́n ṣílẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bíi báńkì kan, orúkọ Access ló wà lókè. "Diamond merged into Access" ló bá bí ọ̀rọ̀ ṣe rí mu. "Access merged with Diamond" kì í ṣe irọ́, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni.

Ọmọ Ládòkè

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo fẹ́ bi yín. Stripe, ilé-iṣẹ́ ìsanwó ti Amẹ́ríkà, ra Paystack ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Paystack ṣì wà, orúkọ rẹ̀ kò yí padà, òun náà ni mo fi ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi títí di òní. Ta ni wọ́n wá gbé mì níbẹ̀?

Akọ̀wé Tákíè

Ìbéèrè gidi ni. Wọ́n ra Paystack, wọn ò tú u ká. Olówó rẹ̀ ló yí padà, ilé-iṣẹ́ náà dúró sí àyè rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè é nígbà náà ni "a wholly owned subsidiary of Stripe", Stripe sì ni "the parent company". Ẹ kíyè sí i pé "wholly" ni, kì í ṣe "totally" tàbí "completely", ẹ kì í bá wọn níbẹ̀.

Nítorí náà, Àbíkẹ́, tí wọ́n bá ti lo "acquire", béèrè lọ́kàn ara rẹ pé ṣé wọ́n ra odindi ni àbí wọ́n ra apá kan. Tó bá jẹ́ apá kan, "stake" lọ̀rọ̀ tó kàn: "acquire a minority stake in", "acquire a controlling stake in". "In" ni o, ẹ má kọ "stake of". Standard Bank ti ilẹ̀ South Africa ní "a controlling stake in Stanbic IBTC" láti ìgbà tí Stanbic àti IBTC ti dà pọ̀ ní ọdún 2007.

Tíṣà Akẹ̀sán

Mo ń kọ̀wé láti Ọ̀yọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama, ẹ jẹ́ kí n dá tèmi sí i.

Ọ̀rọ̀-orúkọ ni kí ẹ fi ṣe òpó, kí ẹ wá so ọ̀rọ̀-ìṣe mọ́ ọn. Ẹ mú "talks". Ẹ kì í "make talks", ẹ kì í sì "do talks". Wọ́n ń "hold talks", wọ́n "enter into talks", wọ́n "are in talks with" ẹnì kan. Tó bá ti kù díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ síwèé, "they are in advanced talks". Tó bá bàjẹ́, "talks broke down" tàbí "talks collapsed". Ẹ mú "deal": "strike a deal", "sign a deal", "close a deal". Tí kò bá ṣẹ, "the deal fell through". "Deal" ni "fell through" máa ń bá rìn jù.

Ẹ tún mú "bid". Òun ni wọ́n ń lò tí ilé-iṣẹ́ kan bá na owó sókè pé òun fẹ́ ra òmíràn. "Make a bid for", "reject a bid", "raise a bid", "withdraw a bid". Ìtàn kan ṣoṣo ló lè kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Kraft Heinz "made a bid for Unilever", Unilever tí gbogbo wa mọ̀ nídìí Closeup. Bílíọ̀nù 143 dọ́là. Unilever "rejected the bid" lójú ẹsẹ̀. Kò ju ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀ tí Kraft Heinz fi "withdrew the bid". Ẹni tó bá lè sọ ìtàn yẹn láì dákẹ́ ti mọ ọ̀rọ̀ "bid" lò.

Tí àwọn tó ń darí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀, tí olówó sì gba ẹ̀yìn wọn lọ bá àwọn oníṣíà tààrà, "hostile takeover" nìyẹn. Vodafone ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe é fún Mannesmann ní Jámánì. Ó "launched a hostile bid" ní ìparí ọdún 1999, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ó di oṣù Kejì ọdún 2000 kí àwọn ará Mannesmann tó gbà. Òdì kejì rẹ̀ ni "friendly takeover". Mo ti rí i tí ọmọléèwé kan kọ "wicked takeover". Ó mú mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fà á tì.

Ohun kékeré kan tó máa ń tú ẹni fó: "takeover" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ kọ ọ́ pọ̀. "Take over" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ pín in sí méjì. Bákan náà ni "buyout" àti "buy out".

Kí n tó gbàgbé, "they discussed about the merger" tí gbogbo wa ń sọ ní Nàìjíríà, ẹ yọ "about" kúrò. "They discussed the merger."

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ̀yin olóyìnbó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ẹni tó gbé ta mì, èmi ń bi yín nípa owó mi. Mo ní owó ní Skye nígbà kan, mo jí lọ́jọ́ kan wọ́n ní Polaris ni. Ṣé "merger" nìyẹn náà?

Akọ̀wé Tákíè

Rárá, ìyá wa. Ìyẹn yàtọ̀ gbáà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, CBN "revoked the licence of Skye Bank". Wọ́n dá Polaris sílẹ̀ kí ó gba ohun ìní àti gbèsè Skye sọ́wọ́, "a bridge bank" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Gbólóhùn tó ń bá a rìn ni "assumed the assets and liabilities of". Owó yín kò sọnù, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni dà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Skye fúnra rẹ̀ ni ọmọ ìdàpọ̀. Báńkì márùn-ún ló bí i lọ́dún 2006: Prudent, EIB, Bond, Reliance àti Co-operative Bank tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn. "A five-way merger" ni wọ́n ń pè é. Unity Bank tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́sàn-án ló para pọ̀ di òun, "a nine-way merger".

Kí ló fa gbogbo eré yẹn? Soludo ní kí báńkì tó ń lo bílíọ̀nù 2 náírà owó ìpìlẹ̀ lọ sọ ọ́ di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí eruku ilẹ̀ rọlẹ̀, 25 ló kù. Àbíkẹ́, èyí wúlò fún ọ gan-an: "raise the minimum capital requirement", "meet the requirement", "meet the deadline", "miss the deadline". Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún gbé padà lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2024. Báńkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun, bílíọ̀nù 500. Èyí tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè, 200. Ti agbègbè, 50. Gbèdéke rẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2026. "Recapitalisation" ni orúkọ gbogbo ètò náà. Ìdàpọ̀ jẹ́ ọ̀nà kan nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, torí báńkì mìíràn máa ta ṣíà tuntun ni, ìyẹn "a rights issue" (fún àwọn oníṣíà tó ti wà nílẹ̀) tàbí "a public offer" (fún gbogbo èèyàn). Tó o bá fi "merger" àti "recapitalisation" dípò ara wọn níwájú àwọn ará Ìbàdàn yẹn, wọ́n á mọ̀ pé orí afẹ́fẹ́ lo ti kó o.

Bàbá Oníṣíà

Ẹ jẹ́ kí àgbà náà sọ̀rọ̀. Láti ayé "indigenisation", nígbà tí òfin ní kí àwọn òyìnbó ta ṣíà fún ọmọ Nàìjíríà, ni mo ti ń ra ṣíà, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí ìdàpọ̀ kún inú àpótí. Ọmọ mi, tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ra ṣíà lò ń lọ, Gẹ̀ẹ́sì ìwé ìròyìn kò tó. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé àwọn oníṣíà ni kó o mọ̀.

Ìwé ńlá yẹn, "scheme document" ni wọ́n ń pè é, torí "scheme of merger" ló wà nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló máa ní kí wọ́n pe àwọn oníṣíà jọ, ni wọ́n ṣe ń pe ìpàdé náà ní "court-ordered meeting". Tó ò bá lè lọ, o lè "appoint a proxy". Kó tó lè kọjá, ṣíà àwọn tó gbà gbọ́dọ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíà gbogbo àwọn tó wá tó sì dìbò. Ẹ ṣàkíyèsí pé ṣíà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka orí. Olówó kan lè dìbò ju gbogbo wa tó kún inú gbọ̀ngàn lọ, kí wọ́n sì fún wa ní ráìsì ká máa lọ sílé.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á padà sílé ẹjọ́, "the court sanctioned the scheme". Ibí ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti ń ṣubú. Tí wọ́n bá ní Amẹ́ríkà fi "sanctions" lé orílẹ̀-èdè kan lórí, ìyà ni. Ṣùgbọ́n tí ilé ẹjọ́ bá "sanction a scheme", ó fọwọ́ sí i ni. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò kan tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ilé ẹjọ́ ti fìyà jẹ báńkì, báńkì tó ń jó lọ́wọ́ nígbà náà.

Ohun tí wọ́n máa fún ọ dípò ṣíà rẹ ni "scheme consideration". "Consideration" níbí kì í ṣe àánú o. Ti Diamond, náírà kan lówó lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ṣíà Access tuntun méjì fún ṣíà Diamond méje. "Two new Access shares for every seven Diamond shares held." Ẹni tó ní ṣíà Diamond 7,000 gba 7,000 náírà lówó, ó tún gba ṣíà Access 2,000. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí 3.13 náírà lórí ṣíà Diamond kan. Ìwọ̀n méjì-fún-méje yẹn ni "the share exchange ratio", àwọn mìíràn ń pè é ní "swap ratio".

Gbólóhùn tó máa ń wà lápá ìsàlẹ̀ ìwé náà ni mo fẹ́ràn jù: báńkì tí wọ́n gbé mì yóò "be dissolved without being wound up". Tí wọ́n bá "wind up" ilé-iṣẹ́, wọ́n á ta ẹrù rẹ̀, wọ́n á san gbèsè, wọ́n á pín ìyókù. Ohun tó dé bá Heritage Bank nìyẹn láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024 tí CBN gba ìwé àṣẹ rẹ̀, tí NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báńkì, wá di "liquidator" rẹ̀. Nínú ìdàpọ̀, kò sí ẹni tó máa ta tábìlì. Ilé, gbèsè, òṣìṣẹ́, ẹjọ́ tó wà ní kóòtù, gbogbo rẹ̀ ló ń kó lọ bá ẹni tó kù. Orúkọ nìkan ló kú.

Àbíkẹ́ UnderG

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Ọ̀rọ̀ "sanction" yẹn, ì bá ti pa mí. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ̀yin náà ẹ ṣé. Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá kù ni ó máa ń gbé ìkejì mì nígbà gbogbo?

Akọ̀wé Tákíè

Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà.

Bàbá Oníṣíà

Akọ̀wé, mi ò gbà. UBA àti Standard Trust Bank ńkọ́, ní ọdún 2005? Orúkọ UBA ló kù torí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Ta ló wá jókòó sórí àga? Tony Elumelu tó ń darí Standard Trust. Orúkọ àgbà ni wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ọmọdé ló mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Akọ̀wé Tákíè

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: "merged with" gan-an ni ó yẹ wọ́n nígbà náà, kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé "acquired". Wema àti National Bank ní ọdún kan náà kò ní àríyànjiyàn, "Wema absorbed National Bank". "Absorb" dára gan-an fún ibi tí báńkì kékeré tàbí èyí tó ti rẹ̀ bá wọnú òmíràn pátápátá. Ó sì dùn mí, torí National Bank ti wà láti ọdún 1933, ó sì ju báńkì lọ lójú àwọn bàbá wa.

Tíṣà Akẹ̀sán

Orúkọ tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti fi bo irú ọ̀rọ̀ yìí ni "a merger of equals". Àbíkẹ́, tó o bá gbọ́ ọ, la ojú rẹ dáadáa. Daimler ti Jámánì àti Chrysler ti Amẹ́ríkà fi í polongo ara wọn ní ọdún 1998. Kò pẹ́ tó fi hàn pé Jámánì ló ń paṣẹ. Ní ọdún 2007 wọ́n ta èyí tó pọ̀ jù nínú Chrysler dànù. Mi ò ní kó o má lò ó, ṣùgbọ́n kó o fi "so-called" síwájú rẹ̀ tàbí kó o ní "described as a merger of equals". Ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ á mọ̀ pé o ń rò ó.

Àlejò Ilé

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, torí náà mo wá.

Mo wà nínú báńkì kan tí òmíràn gbé mì, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi lé wa ni mo fẹ́ kọ síbí. Ìwé àkọ́kọ́ tó wá láti orí oyè ní ìdàpọ̀ náà máa "create value" àti pé wọ́n máa "achieve synergies". A pàtẹ́wọ́. Èkejì ní wọ́n fẹ́ "streamline operations". Nígbà tó di ẹ̀kẹta, "branch rationalisation" ti dé. Ojú títì kan náà ni ẹ̀ka tiwa àti ẹ̀ka tiwọn wà, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa lè rí ìlà tó wà nídìí ATM tiwọn. Tiwa ni wọ́n tì. Wọ́n fi tapólì bo ATM, ọlọ́dẹ nìkan ló kù níbẹ̀ tó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹ rékọjá sí òdìkejì.

Wọ́n kò sọ pé wọ́n lé wa. "Your position has become redundant." Ipò mi ni kò wúlò mọ́, kì í ṣe èmi! "Severance package" ni owó tí wọ́n fi dá wa lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn ni "negotiate a severance package", ẹ má kọ "collect" tí ẹ bá ń kọ̀wé tó lọ́wọ̀, "receive" ni. Àwọn tó ṣẹ́ kù nínú wa di "legacy staff". Tí wọ́n bá ti fi "legacy" síwájú orúkọ báńkì rẹ, mọ̀ pé o ti di ẹrù tí wọ́n bá nínú ilé.

Wọ́n tún máa ń ní "harmonise": "harmonise salaries", "harmonise staff grades". Nínú tiwa, wọ́n rẹ ipò àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀, "harmonise" ni wọ́n ṣì ń pè é.

Àbíkẹ́, lo àwọn ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n bá bi ọ́, ṣùgbọ́n mọ ohun tó wà lábẹ́ wọn. "Synergies" níbi iṣẹ́ wọn, lọ́pọ̀ ìgbà, iye owó tí wọn ò ní ná mọ́ ni. Èèyàn sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àlejò. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù rọ́pò.

Ọmọ Ládòkè

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tilé. LAUTECH wa ńkọ́? Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ ni ín tẹ́lẹ̀, wọ́n sì pínyà ní ọdún 2020. Ṣé "demerger" nìyẹn? Àbíkẹ́ lè fi í ṣe àpẹẹrẹ, àwọn ará Ìbàdàn á rẹ́rìn-ín.

Tíṣà Akẹ̀sán

Kì í ṣe "demerger". Kó tó lè jẹ́ "demerger", ilé-iṣẹ́ kan ní láti pín sí méjì. LAUTECH kò pín, ẹni tó ni ín ló yí padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúlò: "the university was jointly owned by Oyo and Osun", "Osun relinquished its stake", "Oyo assumed sole ownership" ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020. "Sole ownership" ni o, kì í ṣe "only ownership". Ilé ìwòsàn tó wà ní Òṣogbo ni Ọ̀ṣun mú.

Tó bá ń wá àpẹẹrẹ ìpínyà gidi, eBay àti PayPal ni kó mú. "eBay acquired PayPal in 2002 and spun it off in 2015." Gbólóhùn kan, rírà àti yíyọ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. "Spin off" ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, "spun off" sì ni ti àná, ẹ má kọ "spinned".

Ìmọ̀ràn mi ni kó o ní ìwé kékeré kan, kó o máa kọ ọ̀rọ̀ méjì-méjì pọ̀ sínú rẹ̀ bó o ṣe ń pàdé wọn. Má kọ "bid" nìkan, kọ "reject a bid".

Akọ̀wé Tákíè

Tíṣà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò sí àyè fún ìwé kékeré mọ́, ọmọ yìí ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo fẹ́ kó mú ìtàn kan ṣoṣo, kó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin títí á fi yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Access àti Diamond tó. "Held talks, announced, carried out due diligence, obtained approval, completed." Ẹni tó bá ń sọ ìtàn kì í wá ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á máa wá bá a. Ẹni tó bá há àkójọ sórí, ìbéèrè kan ṣoṣo tí kò retí á tú gbogbo rẹ̀ ká.

Mo ti fi "due diligence" sí i. Yíyẹ ìwé ara ẹni wò kí a tó fọwọ́ sí i ni. "Carry out" tàbí "conduct" ló ń bá a rìn. Kò ní "s" lẹ́yìn, kò sì ní "a" níwájú.

Tíṣà Akẹ̀sán

Lórí ìtàn yẹn, mo gbà fún yín. Àbíkẹ́, kọ ọ́ síbí ká wò ó.

Àbíkẹ́ UnderG

Ẹ má rẹ́rìn-ín o: "In 2019, Diamond Bank has merged to Access Bank after the shareholders of both banks have accepted for the deal. The government permission was also gotten."

Tíṣà Akẹ̀sán

A ò rẹ́rìn-ín, ó ti ń bọ̀. O ti dárúkọ ọdún, nítorí náà "has" kúrò. "In 2019, Diamond Bank merged into Access Bank after the shareholders of both banks had approved the deal. Regulatory approval was also obtained." "Permission" ni ọmọ ń gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ń "seek approval", ó sì ń "obtain approval". Àwọn aláṣẹ ló ń "grant" tàbí "withhold" rẹ̀.

Bàbá Oníṣíà

Fi "regulatory" yẹn yé e dáadáa. Tí wọ́n bá bi í pé "which regulators", kó má dákẹ́. CBN ni ti báńkì. SEC ló ń wo ti ṣíà. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe báńkì, FCCPC wà níbẹ̀ láti ọdún 2019 tí òfin rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń wò ó pé kí ẹnì kan má gba gbogbo ọjà mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́. Kí ìwé àṣẹ gan-an tó jáde, wọ́n máa ń gba "approval-in-principle" tàbí "a letter of no objection". Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló máa ń fi ẹni tó mọ ọjà hàn.

Àbíkẹ́ UnderG

Ẹ ṣé, bàbá. Ìbéèrè tó kù: tí wọ́n bá bi mí pé báńkì wo ló kàn tó máa dà pọ̀, kí ni kí n sọ? Oríṣiríṣi orúkọ ni mo ń gbọ́ lórí WhatsApp.

Akọ̀wé Tákíè

Má fi ẹnu ara rẹ dárúkọ báńkì tí kò tíì kéde. Ṣíà tí wọ́n ń tà lọ́jà lò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o, ahesọ lè gbé owó ṣíà sókè tàbí kó fà á lulẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwé ìròyìn ló sọ ọ́, "is reportedly in talks with". Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kéde àmọ́ àṣẹ kò tíì pé, "the proposed merger, which is subject to regulatory approval". Tó bá jẹ́ WhatsApp nìkan lo ti gbọ́ ọ, sọ fún wọn pé "I would rather wait for an official announcement", kó o wá yí ọ̀rọ̀ náà sí ohun tí báńkì tí kò bá lè "meet the requirement" fúnra rẹ̀ lè ṣe: kó gba ìwé àṣẹ tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kó wá ẹni tó máa rà á, tàbí kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dà pọ̀. Ìyẹn nìkan tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀rọ̀.